Ẹrú Ilé, Àjèjì Ìlú

Ìbàdàn jẹ́ ìlú tí ogun tẹ̀ dó. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tí wọ́n ti fọ́ Òwu pàgọ́ síbẹ̀, àgọ́ náà kò sì tú mọ́. Kò sí ìdílé ọba kan tí ó lè nawọ́ sí ìtẹ́ baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀. Akíkanjú tí ọmọ ogun pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni olóyè. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun a máa jẹun, ìbọn àti ẹ̀tù kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹrú ni àwọn ológun fi ń gbọ́ bùkátà wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ti ojú ogun dé, wọn a pín àwọn tí wọ́n kó: òmíràn a lọ sí oko, òmíràn a gba ìbọn kí ó di ọmọ ogun, òmíràn a gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ sí etí òkun. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí Kristẹni Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹrú àti ìyapa tí ó wà ní Nàìjíríà lónìí, kí ó tó kọjá sí ọ̀dọ̀ òyìnbó.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú lórí òkun ní 1807, tí ó sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, èèyàn lè rò pé ẹrú yóò dín kù ní ilẹ̀ òkè. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Epo pupa àti ekuro ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ń béèrè báyìí, epo kì í sì í dá rìn wá sí Èkó. Ẹnìkan ni yóò gun ọ̀pẹ, ẹnìkan ni yóò fún epo, ẹnìkan ni yóò rù ú. Bí ọjà ẹrú ti ń tú ní etí òkun ni oko tí ẹrú ń ro ń gbòòrò lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Òfin tí ó dára ní Lọ́ńdọ̀nù kò sọ ọkàn ẹnikẹ́ni di tuntun ní Ọjà'ba.

Orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń bọ́ sí ẹnu àwọn ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí wọ́n pa ní 1874 nígbà Ààrẹ Látòósà. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1970, ni ó gbin ín sí ọkàn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé òǹrorò obìnrin ni, tí ó pàṣẹ pé ẹrú òun kò gbọdọ̀ bímọ. Eré náà dùn, ṣùgbọ́n ó ti ṣe ìlú náà ní oore tí kò tọ́ sí i. Ó rọrùn láti di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo agboolé ru obìnrin kan ṣoṣo, pàápàá obìnrin tí ọmọ kan tí ó bí ti kú mọ́ ọn lójú, tí kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Nínú àwọn olóyè ológun ìlú náà, Ìbíkúnlé ní ẹrú, Ògúnmọ́lá ní ẹrú, Látòósà tí a pa Ìyálóde ní ìgbà rẹ̀ náà ní ẹrú. Àwọn ilé tí òkìkí ogun wọn kàn ní ìgboro àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó dé Beyerúnkà, ó ṣòro kí a rí èyí tí ọwọ́ ẹrú kò sí nínú amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n.

Ọ̀nà kan wà tí ẹrú Ìbàdàn fi yàtọ̀ sí ẹrú Amẹ́ríkà: àyè wà fún un láti gòkè. Ògèdèǹgbé, ọmọ Iléṣà, ogun Ìbàdàn ni ó kó o rí. Ìbàdàn náà ni ó ti kọ́ ogun jíjà, kí ó tó di ọ̀gágun Èkìtìparapọ̀ tí ó gbógun ti Ìbàdàn fúnra rẹ̀ nínú ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ẹrú tí ó gbójú lè kọ́lé, ó lè ní ẹrú tirẹ̀. Oríkì olówó rẹ̀ ni wọn yóò máa kì fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó bá sì fi máa di ìran kẹta, ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ mọ́. Àwọn kan a máa fi èyí yangàn. Wọn a ní ẹrú tiwa kì í ṣe ẹrú, ọmọ ilé ni. Ẹni tí wọ́n já gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀, òwe àwọn baba wa náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ìlú tí ó gba gbogbo ènìyàn mọ́ra báyìí kò gbàgbé ohunkóhun. Wọ́n máa ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, òótọ́ sì ni ní gbangba: ẹni tí ó wá láti Ọ̀fà tàbí láti Ìkirè lè ṣòwò ní Ọjà'ba kí ó lówó ju onílé lọ, kò sí ẹni tí yóò bi í ní baba. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ìwé kan wà tí a kò kọ. Àgbà ilé mọ ojúlé tí ogun kó wá. Ó mọ ẹni tí oórì baba rẹ̀ wà níwájú ilé àti ẹni tí wọ́n sin baba rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọn kò ní sọ ọ́ níbi ìnáwó. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi pa á mọ́ dè: ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ènìyàn jẹ mógàjí, olórí agboolé, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀, àti ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ gbé ìyàwó.

Àwọn àlùfáà àti alàgbà ìjọ tí wọ́n ti pẹ́ nídìí ìpẹ̀tù-síjà ní ìgboro mọ ọjọ́ kẹta yìí dáadáa. Irú ọ̀rọ̀ kan wáyé láàárín ọmọkùnrin kan láti ìhà Beyerúnkà àti ọmọbìnrin kan láti agboolé tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Inú ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni àwọn méjèèjì wà, wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àlùfáà sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkéde ìgbéyàwó nínú ìjọ. Lójijì ni ilé ìyàwó ní àwọn kò ṣe mọ́. Wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Wọ́n ní Ifá kò fọre, bẹ́ẹ̀ alàgbà ìjọ ni baba ọmọbìnrin náà! Ó di ìgbà tí àlùfáà lọ sí ilé wọn nígbà kẹta kí àgbà kan tó fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, létí kànga. Àgbà náà ṣí fìlà rẹ̀, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó ní, “Àlùfáà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Àwọn ará ibẹ̀ yẹn, ogun ló kó baba wọn. A kì í fẹ́ wọn.” Ọkùnrin tí ogun kó yẹn ti kú kí wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti di olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti agbaṣẹ́ṣe. Orúkọ Kristi ni wọ́n fi sàmì fún gbogbo wọn. Omi ìrìbọmi kò tíì dé ibi tí àgbà yẹn ń sọ.

Ohun tí ó yẹ kí ó dun onígbàgbọ́ jù ni pé kì í ṣe ẹni tí kò mọ Bíbélì ni ó sọ̀rọ̀ náà. Àgbà yẹn lè ka ìwé Fílémónì láti orí rẹ̀ dé ìdí rẹ̀, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti dá Ónẹ́símù padà fún ọ̀gá rẹ̀, tí ó ní kí ó gbà á bí arákùnrin. Òwe Yorùbá pàápàá ti sọ èyí ṣáájú kí míṣọ́nnárì tó dé: ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Yorùbá mọ òtítọ́ yìí, Bíbélì fi ọwọ́ sí i, síbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń sọ òmíràn.

David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán níṣẹ́, wá wo Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá jókòó sí Kúdẹtì. Láti Kúdẹtì ni ìjọ ti tàn dé Àrẹ̀mọ àti Ògùnpa. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, fún wọn láti kọ́ níwèé. Àwọn ọmọ tí ogun kó náà wà nínú ilé wọn, àti àwọn mìíràn tí wọ́n rà padà. Báyìí ni ọmọ olóyè àti ọmọ ẹrú ṣe jókòó sórí àga kan náà, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ní ilé olóyè. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọ náà lẹ́yìn wọn mọ ohun tí ẹrú jẹ́. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, tí ó sì kọ ìtàn Yorùbá parí ní 1897, Hastings ní Sàró ni wọ́n bí i sí, baba rẹ̀ sì wà lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Àjàyí Crowther tí ó túmọ̀ Bíbélì, Òṣogùn ni wọ́n ti kó o ní 1821. Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó kó o.

Ṣùgbọ́n àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà, ìjọ náà kò sì mọ́ tó bí a ti ń ròyìn rẹ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ kan ní ìwọ̀fà, àwọn mìíràn ní ẹrú, wọ́n sì ní àṣà ilẹ̀ ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1870 ni CMS ní Lọ́ńdọ̀nù wá fi dandan lé e pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́. James Johnson, ọmọ Sàró tí wọ́n fi ṣe alábòójútó ìjọ ilẹ̀ òkè, mú àṣẹ náà le, ó sì wà lára ohun tí ó dojú àwọn òṣìṣẹ́ kọ ọ́ títí wọ́n fi yọ ọ́ nípò ní 1880. Àwọn tí wọ́n tako ọkùnrin yìí kì í ṣe abọ̀rìṣà. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ kò tán bọ̀rọ̀: títí wọ ìgbà 1930 ni àwọn ènìyàn ṣì ń fi ọmọ wọn sin owó ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìyẹn ni pé baba àwọn tí wọ́n jẹ́ àgbà ìjọ lónìí rí i lójú ara wọn.

Ọwọ́ tí àwọn olórí ìjọ fi ń mú ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà. Àwọn àlùfáà àtijọ́ yan ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n gbà pé orúkọ tuntun ti bo ti àtijọ́, ẹni tí ó bá sì hú u jáde nínú ìjọ, wọn yóò pè é sẹ́yìn, wọn yóò bá a wí. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Ó jẹ́ kí ọmọ ẹrú di wọ́dìnì, kí ó di àlùfáà, láìsí pé wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ wò. I. B. Akínyẹlé, Kristẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ Olúbàdàn, tí ó wà lórí oyè láti 1955 sí 1964, kọ ìwé ìtàn ìlú náà jáde ní 1911. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rí orúkọ àwọn ológun pẹ̀lú ogun tí wọ́n jà, kò ní rí orúkọ àwọn tí wọ́n ro oko tí wọ́n jẹ. Àléébù ìdákẹ́jẹ́ ni pé ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

Lónìí, àwọn ilé àdúrà ti gbà á lọ́wọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ègún ìran. Bí iṣẹ́ ọmọ bá dàrú, tí ọkọ kò sì wá, wọn a ní ẹ̀jẹ̀ ẹrú tí baba ńlá rẹ̀ ta ni ó ń ké, tàbí pé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ìdílé wọn nítorí pé ẹrú ni wọ́n. Wọn a yan ààwẹ̀ fún un, wọn a gba ọrẹ. Ohun méjì ni ó burú nínú èyí. Ó mú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ ìrònúpìwàdà di oògùn tí ènìyàn lè rà láìbá ẹnikẹ́ni parí ìjà. Ẹ̀kọ́ Ìsíkíẹ́lì orí 18 ta kò ó gbangba: Ọlọ́run kò gba ẹ̀bi baba lọ́wọ́ ọmọ tí kò rìn ní ọ̀nà baba rẹ̀. Nehemáyà ní tirẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ọmọ kì í jẹ̀bi ohun tí kò ṣe, ṣùgbọ́n ó lè pe ohun tí baba rẹ̀ ṣe ní orúkọ tí ó jẹ́, bí ó bá sì ń jẹ èrè rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè tí ó ń da agboolé rú ni ó ń da orílẹ̀-èdè rú: ta ni ọmọ ibí, ta ni ó bá wọn débẹ̀? Àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni wọ́n tẹ Modákẹ́kẹ́ dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjà wọn tún rú ní 1981, ó sì tún jó ranyin láti 1997 títí wọ 2000. Yorùbá ni ìhà méjèèjì. Kristẹni wà níbí, Kristẹni wà lọ́hùn-ún. Kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí wọ́n lè dá sílẹ̀ tí yóò gba ìjà yẹn lọ́wọ́ wọn. Ní Ìbàdàn, Sábó ti wà láti 1916, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ sì ń sọ Yorùbá bí ọmọ Bẹẹrẹ. Síbẹ̀ nígbà tí ọjà Ṣáṣá dàrú ní oṣù kejì ọdún 2021, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sun ilé àti ọjà, baba onílùú àti baba àlejò ni wọ́n tún fi ń mọ ara wọn. Àwọn tí wọ́n ń pariwo pé Haúsá wá bá wọn kò rántí pé ogun ni ó kó àwọn Haúsá kan dé Ìbàdàn ṣáájú. Ìran àwọn yẹn ti di ọmọ Ìbàdàn tipẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n wà lára àwọn tí ń pariwo. Àwọn ẹrú Haúsá mìíràn sá lọ sí Èkó. Àwọn ni Gómìnà Glover kó jọ ní àwọn ọdún 1860 di ọmọ ogun, ìdí kan nínú ìdí tí Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá fi bínú sí Èkó nígbà náà. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni a ti lè tọ ìtàn ọmọ ogun Nàìjíríà wá.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn kan tí wọ́n wọ aṣọ bíi ti ológun ya wọ ọgbà ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn láti kéde Orílẹ̀-èdè Yorùbá. Kristẹni lè bá wọn jiyàn tàbí kí ó gbà pẹ̀lú wọn lórí ààlà ilẹ̀; Bíbélì kò sọ pé ààlà tí òyìnbó fà jẹ́ àṣẹ láti òkè. Ohun tí kò ṣeé gbà ni ìlérí pé bí àwọn ará òkè ọya bá ti lọ, ìṣọ̀kan dé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi wà lójú ogun Kírìjì, Yorùbá sí Yorùbá, nítorí pé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kò fẹ́ jẹ́ ẹrú Ìbàdàn mọ́. Ìwé àlàáfíà tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní 1886 kò tú wọn ká. Ó di 1893 kí wọ́n tó tú àgọ́. Ní Èkìtì, ojú ajẹ̀lẹ̀ tí Ìbàdàn yàn sí wọn lórí ṣì wà nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ilé Yorùbá sílẹ̀ láìkọ́kọ́ bá àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, agboolé Ìbàdàn mìíràn ni ó ń kọ́, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀.

Ìjọ ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ nínú ìyapa. Àwọn onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1845 nítorí pé àwọn ará àríwá kò fẹ́ kí olówó ẹrú jẹ́ míṣọ́nnárì. Ẹgbẹ́ yìí gan-an ni ó rán míṣọ́nnárì Bowen wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó kún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìdíkàn, ọwọ́ àwọn tí wọ́n yapa nítorí ẹrú ni ó ti wá. Ní 1888 àwọn Yorùbá kan nínú ìjọ náà ní Èkó, tí Mojọ́lá Àgbébí wà nínú wọn, bínú jáde kúrò lábẹ́ òyìnbó. Ọdún 1914 ni wọ́n tó tún parapọ̀, ní Ìbàdàn níbí, Àgbébí kan náà ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ní 1995 ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ àforíjì fún ẹrú tí àwọn baba wọn gbèjà. Wọ́n fi àádọ́jọ ọdún ronú rẹ̀! Ṣùgbọ́n ìjọ ilẹ̀ Yorùbá tí ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ìwé àforíjì tirẹ̀ dà?

Ọ̀rọ̀ owó ìtánràn tún wà. Ní 1999 Ààrẹ Mathieu Kérékou ti Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀, ó tọrọ àforíjì nítorí ipa tí àwọn baba ilẹ̀ rẹ̀ kó nínú òwò ẹrú. Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òṣèlú ni. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ òṣèlú, ó ṣáà kúnlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya 100 mílíọ̀nù pọ́ùn sọ́tọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ àtijọ́ wà nínú ilé-iṣẹ́ tí ó kó ẹrú. Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà fi ọ̀rọ̀ ìtánràn ṣe àkòrí ọdún 2025. Ẹ̀tọ́ wà nínú ìbéèrè náà. Pé àwa náà jẹ̀bi kò pa ẹ̀bi wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá gba owó náà kò ní mọ̀ ọ́n pín fún ojúlé tí ogun kó baba wọn ní Beyerúnkà, nítorí pé orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan, àwọn ọlọ́lá ilé kò sì ní fẹ́ kí ó sí níbẹ̀. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Owó ni òyìnbó fi ń san gbèsè. Àwọn tí wọ́n ta ènìyàn wọn lọ́pọ̀ ni wọ́n mọ ẹni tí wọ́n tà.

Bákan náà ni títà kò tíì tán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì polówó obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan lórí Facebook, ó fi iye lé e lórí: 1,000 dọ́là. Gbogbo Nàìjíríà bínú. Kò sí ẹni tí ó bínú sí ilé tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n mú wá láti Kútọnu ti ń jí ní aago mẹ́rin òru, tí ó ń pọnmi, tí ó ń kiri omi inú ọ̀rá ní Bẹẹrẹ, tí wọ́n sì ń fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó mú un wá. Ìyáàjọ tí ó ni ilé náà ní òun kò fìyà jẹ ẹ́, òun ń bá a wá ọjọ́ iwájú rẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n ní ìwọ̀fà nígbà James Johnson náà wí àwíjàre tiwọn. Ìjọ tí kò lè bi ìyáàjọ yẹn ní ìbéèrè ní ọjọ́ Ìsinmi kò ní ẹnu láti fi bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ ni ó ń jí ọ̀rọ̀ ẹrú dìde jù báyìí. Àwọn abúlé tí wọ́n ń kó ẹrú lọ ro ní ìhà Lágelú àti Ọ̀nà Àrà, tí ó jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan nígbà yẹn, ìlú ti dé ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n kù sí abúlé, tí wọ́n ń sọ pé ilé àwọn wà ní ìgboro, ni wọ́n mọ ààlà àti igi kòkó. Àwọn tí wọ́n wà ní ìgboro ni orúkọ wọn wà ní ọwọ́ lọ́yà. Nígbà tí pulọ́ọ̀tì kan bá ti di mílíọ̀nù, ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ ìsìnkú yóò di ẹrú baba wa.

Ìdílé kan gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ alàgbà ìjọ kan, nítorí pé ìyàwó kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ rẹ̀. Ojúlé mẹ́rin ni wọ́n. Àwọn mẹ́ta ní ìkẹrin, tí ó wà ní oko, kò ní ìpín. Mùsùlùmí ni baálé wọn, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ agboolé àtijọ́ níbi tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jẹun nínú àwo kan náà. Alàgbà náà kò wàásù gígùn. Ó sọ ti Sákéù, agbowó-orí tí kò fi ẹkún parí ìrònúpìwàdà rẹ̀, tí ó ṣírò ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ènìyàn, tí ó sì dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ síta, kí ojúlé ìkẹrin jókòó kí wọ́n gbọ́ ọ. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sán kan gbáko. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti Èkó wá kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan dìde, ó jáde. Nígbà tí ó kan baálé, ó ní òótọ́ ni, ogun ni ó kó baba àwọn ará oko. Ó ní ṣùgbọ́n nígbà tí baba òun kú, tí òun wà ní Kánò, tí àwọn tí wọ́n jọ bí i kò sí nílé, ọmọ ọkùnrin yẹn ni ó wá láti oko tí ó gbẹ́ sàréè. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ojúlé mẹ́ta náà pé ta ni nínú wọn tí ó mọ iye tí òun yóò dá padà fún ìyẹn. Ojúlé kan ṣì ń ta kò ó nígbà tí wọ́n tú ká. Ó tó oṣù mélòó kan kí àwọn náà tó fọwọ́ sí i. Lọ́yà tún ìwé ìdílé kọ, ó fi orúkọ baba tí ogun kó sí i pẹ̀lú orúkọ ìlú tí wọ́n ti kó o wá, bí àwọn ará oko ti rántí rẹ̀, wọ́n sì pín owó ilẹ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́rin.